Koríko Tó Ń Sinmi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Bàbá Pápá jẹ́, ọjọ́ tí inú bá ń run ún ni kí ẹ wò ó. Ilé kékeré tí ilé-ìwé fún un wà ní igun pápá níbi tó jìnnà jù, ṣáláńgá sì wà ní òdìkejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kíláàsì. Ẹni tó bá la àárín pápá kọjá, kíá ló máa débẹ̀. Bàbá Pápá kò là á kọjá rí. Etí wáyà tí wọ́n fi sọgbà yí pápá ká ló ń tọ̀. Á di ikùn mú, á máa sáré kéékèèké bí ẹyẹlé, á yí gbogbo pápá ká, kò ní fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan koríko. Ìyàwó rẹ̀ a máa wò ó lójú fèrèsé, a máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí Ọlọ́run bá pe ọkọ òun sí ọ̀run, tí wọ́n bá lọ gbin koríko sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, etí ògiri ni yóò tọ̀ wọlé.

Ọmọ àgbẹ̀ ni ọkùnrin náà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ilẹ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bínú, kò sì ní so mọ́. Nígbà tó gba iṣẹ́ ìtọ́jú pápá, ó kó ẹ̀kọ́ oko yẹn wọ inú ilé-ìwé. Iyanrìn àti òkúta ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́, ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Ó ṣa òkúta náà dànù sí etí wáyà yíká, ó gbin koríko ní ìdì kọ̀ọ̀kan, ó ń fi rọ́bà gígùn ẹ̀rọ omi bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí iṣẹ́ bá gbé e dé orí koríko náà, á bọ́ bàtà sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá àlejò. Nígbà tó yá, pápá yẹn di ohun tí èèyàn ń dúró wò láti ojú títì. Àwọn ọ̀gá àgbà tó jẹ kọjá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí àlejò bá dé láti òkè, pápá ni wọ́n ń mú wọn lọ wò kí wọ́n tó ráyè rí òrùlé tó ń jò.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí wọn ṣe pápá, wọn kì í débẹ̀. Ọjọ́ ìdíje eré sísá ọdọọdún nìkan ni géètì ń ṣí. Bí ìdíje bá ti parí, Bàbá Pápá á fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo dè é, á ní koríko ń sinmi. Ìlẹ̀kùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni òun àti àwọn tó ń wá sílé rẹ̀ ń gbà, etí wáyà ló sì já sí. Bí ẹ bá bi í ìgbà tí yóò sinmi tán, á wò yín bí ẹni tó béèrè ìgbà tí òkun yóò gbẹ. Àárín kíláàsì méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe eré ìdárayá, wọ́n á na apá, wọ́n á gbá ara wọn lójú. Bọ́ọ̀lù tó bá sì fò wọ inú pápá, ó ti dágbére fún ayé. Bàbá Pápá kì í na ọmọ kankan, kì í pariwo. Á kàn gbé bọ́ọ̀lù náà, á nù ún, á jù ú sínú yàrá irinṣẹ́ rẹ̀. Itẹ́ òkú bọ́ọ̀lù ni àwa òbí ń pe yàrá yẹn.

Mi ò gbọ́dọ̀ parọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló ń kọ́kọ́ dé tó ń to bẹ́ǹṣì, òun náà ló sì ń kẹ́yìn jáde. Ó kàn jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kó ṣọ́ nǹkan, á ṣọ́ ọ títí á fi gbàgbé ẹni tó ni ín.

Ìyàwó rẹ̀ là ń pè ní Ìyá Aránṣọ. Yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé ló ń rán jù, ìdí fèrèsé tó kọjú sí pápá ló gbé máṣíìnì rẹ̀ sí. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kìtì-kìtì láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sin máṣíìnì náà títí àwọn ọmọ wọn fi jáde ìwé tí oníkálukú sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, tí ilé wá ku òun àti ọkọ rẹ̀ àti koríko. Àwa tí a bá ń lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, bí èèrà la ṣe ń tọ ara wa lẹ́yìn létí wáyà, lórí òkúta tí ọkọ rẹ̀ ṣà jọ, a ó máa ta gẹ́gẹ́. Mo ti já bàtà méjì síbẹ̀.

Ìgbà tí orúnkún Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ló lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ń ru. Ó ní kó máa rìn nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, kó rìn kó làágùn, àmọ́ kó wá ilẹ̀ tó rọ̀, torí orúnkún tó ti fi tọrẹ fún máṣíìnì ò lè gba títì ọlọ́dà mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí nígbà tó ń bọ̀.

"Wọ́n ní kí n wá ilẹ̀ tó rọ̀," ló wí. "Mo ní mo mọ ọ̀kan, àmọ́ ọkọ mi ló fẹ́ ẹ."

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní ohun tí òun ń tọrọ ò ju kí òun máa rìn díẹ̀ lórí koríko nígbà tí ilé-ìwé bá ti túká, tí ẹnikẹ́ni ò ní rí òun. Ọkọ rẹ̀ ní bí òun bá jẹ́ kí ìyàwó òun tẹ̀ ẹ́, kí lòun fẹ́ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ tí òun gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀? Ìyá Aránṣọ ní kó sọ pé ìyàwó òun ń ṣàìsàn ni. Ọkọ ní kò sí ilé tí wọn kì í ti í ṣàìsàn. Òótọ́ ló sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ti ń dùn mí nìyẹn títí dòní, kò sí ìgbà kankan tó parọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: kò sí wáyà, kò sí géètì láàárín obìnrin yẹn àti koríko. Inú wáyà ni ilé wọn wà. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ó ti débẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ta ni yóò mọ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá lọ to bẹ́ǹṣì. Ó ká òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ kúrò, ó ní kì í ṣe ọ̀nà lòun ń wá, ìyọ̀ǹda láti ẹnu ọkọ òun lòun ń wá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe mú títì pọ̀n, èmi àti òun. Bí alùpùpù bá fun fèrè lẹ́yìn wa, Ìyá Aránṣọ á ní láti fò sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, orúnkún á dún. Ó lè rìn lónìí, kó fi ọjọ́ mélòó kan jókòó ti omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n kò yéé jáde.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n gbé ọ̀gá àgbà tuntun wá, obìnrin kúkúrú kan tí kì í wọ bàtà gíga. Ní òwúrọ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó rí ẹ̀wọ̀n lẹ́nu géètì pápá, ó bi àwọn tíṣà rẹ̀ bóyá wọ́n sin èèyàn síbẹ̀ ni. Kò pẹ́ tó fi pe àwa òbí àti ará àdúgbò sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn. Ó ní òun fẹ́ ṣí pápá. Bí agogo àjákò bá ti lù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣeré níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ àti lọ́jọ́ Sátidé, kí ará àdúgbò máa wọlé, kí àwọn tó ń sá eré máa sá, kí àwọn tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn máa rìn. Ó ní àwọn bàbá àdúgbò ló gbẹ́ ihò òpó wáyà yẹn, kò yẹ kí wọ́n máa wo pápá láti ìta bí ẹni tí kò rówó ṣe ń wo ẹran lórí tábìlì alápatà. Bàbá kan dìde pé ewúrẹ́ á tún wọlé. Ọ̀gá àgbà ní ewúrẹ́ tó bá lè ṣí géètì, òun á gbà á sí kíláàsì kìíní.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni Ìyá Aránṣọ jókòó sí. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi, ó na ẹsẹ̀ síwájú kí n lè rí i. Bàtà kánfáàsì funfun ló wọ̀, tuntun, ó tún fi okùn rẹ̀ ta kókó bíi ti ọmọ ilé-ìwé. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ìpàdé náà ti jáde ló ti lọ wá a.

Ọ̀gá àgbà wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ tọ́jú ẹ̀ tó fi dára báyìí. Ṣé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dáa ká bẹ̀rẹ̀?"

Bàbá Pápá dìde, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. "Mi ò tako yín, mà. Àmọ́ inú ọ̀gbẹlẹ̀ la wà yìí. Bí gbogbo ẹsẹ̀ yìí bá wọ orí ẹ̀ báyìí, gbòǹgbò rẹ̀ á kú. Ẹ jẹ́ kó sinmi sí i. Bí òjò bá ti rọ̀, tó bá ti dìde, èmi fúnra mi ni màá ṣí i."

Ọ̀gá àgbà rò ó wò, ó ní Bàbá ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo gbọ̀ngàn ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá ló mọ̀ ọ́n. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó gbin nǹkan jiyàn? Ìyá Aránṣọ rọra fa ẹsẹ̀ méjèèjì padà sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Àwa mẹ́ta la jọ ń lọ sílé. A dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ ti dúró.

"Ẹ ń dúró de koríko," ló sọ fún ọkọ rẹ̀, kò gbé ohùn sókè rárá. "Ta ló ń dúró dè mí?"

Ọkùnrin náà yí fìlà lọ́wọ́, ó yí i, ó yí i. Ó wá ní, "Ọjọ́ tí mo bá ṣí i, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kó tó kan ọ̀gá àgbà, kó tó kan ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí."

"Ẹ fi sọ́kàn," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn, "torí èmi náà á fi sọ́kàn."

Ìlérí yẹn gan-an ló wá ṣe é léṣe. Kò bá mi jáde sí títì mọ́. Ó ní kí lòun tún ń bá òkúta jà fún nígbà tí koríko ti ń bọ̀. Ó so bàtà funfun náà mọ́ ìṣó lókè orí máṣíìnì, ó jókòó, ó ń ránṣọ, ó ń wo ojú ọ̀run. Òjò kọ̀, kò rọ̀. A gbàdúrà òjò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa ń bẹ Ọlọ́run nítorí kànga, Bàbá Pápá ń bẹ̀ ẹ́ nítorí koríko, ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹsẹ̀. Kí Olúwa dárí jì mí, mo rò ó pé àwọn ańgẹ́lì náà á máa bi ara wọn pé èwo ni kí àwọn kọ́kọ́ gbé wọlé.

Ọ̀sán gangan ni, mo gbé síkẹ́ẹ̀tì kan lọ bá a pé kó bá mi tú ìdí rẹ̀, torí síkẹ́ẹ̀tì náà ti kọ̀ mí. A ń sọ̀rọ̀, ó ń rán apá yúnífọ́ọ̀mù kan. Mo rí i tí aṣọ náà yà lábẹ́ abẹ́rẹ́, tí ìránṣọ jáde kúrò lára aṣọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ń tẹ máṣíìnì. Mo ní, ìyá, ẹ wo ohun tí ẹ ń ṣe. Ó yíjú sí mi, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí n tó dìde ló ti ń yọ́ bọ́ lórí àga.

Mo fi orí síta lójú fèrèsé, mo fi igbe bọnu. Ọkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó mú rọ́bà lọ́wọ́. Ó gbọ́. Ó sọ rọ́bà náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ọkùnrin yẹn sáré, ó sáré bí ẹni tí kò ní ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n etí wáyà ló ń tọ̀. Mo ń ké sí i pé kó gba àárín, kó là á kọjá, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe. Bóyá kò gbọ́ ni o, bóyá etí gbọ́, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó ń ta gẹ́gẹ́ lórí òkúta, ó ṣubú, ó dìde, ó yí gbogbo rẹ̀ ká. Pápá tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín wa, ó tutù minimini, kò sí ẹnì kankan lórí ẹ̀.

Ìgbà tó kúnlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀ tán ló gbé ojú sókè wo pápá láti ojú fèrèsé. Mo rí i nígbà tó yé e.

Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá rírìn ì bá dá a dúró, torí àwọn tó ń rìn náà ń ní in. Ó tún ní ọ̀nà tí ọkọ gbà kò yí nǹkan kan padà, ohun tó máa bàjẹ́ ti bàjẹ́ kí n tó pariwo. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni dókítà náà, ó fara balẹ̀ sọ ọ́, Bàbá Pápá sì ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Mo yí i ká."

Mo ní, Bàbá, ṣebí ẹ gbọ́ ohun tí dókítà wí.

"Mo gbọ́," ló dá mi lóhùn. "Mo yí i ká."

Ọlọ́run dá ẹ̀mí obìnrin náà sí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wá, ó kàn ń rọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Iṣẹ́ ọwọ́ parí níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fi aṣọ bo máṣíìnì. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá a padà sílé gan-an ni òjò wá rọ̀, ó rọ̀ dáadáa, koríko sì dìde bí kò ṣe dìde rí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Kò sí ẹni tó da omi síwájú tó Bàbá Pápá. Ilẹ̀ náà tutù lóòótọ́; ẹsẹ̀ tí yóò tẹ̀ ẹ́ ni a ń wá.

Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ sí Bàbá Pápá pé kí wọ́n sún ọjọ́ ìṣípápá síwájú nítorí àìsàn ilé rẹ̀. Bàbá kọ̀. Ó ní òun ti sún un tó.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo wa dúró sẹ́nu géètì: akẹ́kọ̀ọ́, òbí, tíṣà, àwọn arúgbó àdúgbò pẹ̀lú ọ̀pá. Bàbá Pápá tú ẹ̀wọ̀n, ó ṣí géètì gbayawu, ó wá na ọwọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má tíì wọlé. Ó padà lọ sílé ní etí wáyà. Nígbà tó jáde, ó ń ti ìyàwó rẹ̀ bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn. Bàtà funfun náà wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Gbogbo wa rò pé etí wáyà ni wọ́n á tún tọ̀. Ó dúró, ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó sì ti kẹ̀kẹ́ náà sórí koríko.

Kò rọrùn. Koríko tó sinmi tó bẹ́ẹ̀ ti nípọn bí ìbùsùn olówó, ó ń gbé táyà kẹ̀kẹ́ náà mì. Ó ń tì í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀gá àgbà fẹ́ rán àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ ràn án lọ́wọ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ní àárín pápá gan-an, ó dúró, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀, ó tú okùn bàtà funfun, ó gbé ẹsẹ̀ obìnrin náà lé orí koríko, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. A ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá Aránṣọ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀ tó ń bọ́ sápá kan. Ọkọ rẹ̀ bi í bóyá ó rọ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì ní ó rọ̀," ló dá a lóhùn. "Ti ọ̀tún ò tíì sọ nǹkan kan."

Bàbá Pápá wá gbé ọwọ́ sókè sí wa, àwọn ọmọ sì ya wọlé bí omi. Ó lọ da àwọn bọ́ọ̀lù inú yàrá irinṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo wọn ti rọ, àwọn mìíràn ti bó. Bàbá kan tó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá rí èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun alára nígbà tó wà ní kíláàsì. Ó yí i lọ́wọ́ títí, ó sì rọra dá a padà sílẹ̀.

Àwa obìnrin ń rìn níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ń sáré kọjá lára wa, wọ́n á ní, ẹ̀yin ìyá, ẹ gba ẹ̀gbẹ́. Bàbá Pápá náà ń jáde. Á ti kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn, á gba àárín gbùngbùn, á dé géètì, á tún padà. Ó ti là á títí ojú ọ̀nà fi pá síbẹ̀, pupa yòò láàárín ewé tútù, ẹ lè rí i láti títì. Kò gbin nǹkan kan dí i.

Ọ̀gá àgbà kíyè sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó dá wọn dúró, ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ó ní bóyá kí wọ́n ta okùn yí àárín yẹn ká fún ìgbà díẹ̀, kó lè sinmi.

Bàbá Pápá wo ilẹ̀ pípá náà, ó wo orí ìyàwó rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kò rẹ̀ ẹ́, mà," ló wí. Ó sì ti kẹ̀kẹ́ náà lọ.